Gàrí Nínú Àpótí Jìtá

Wọ́n ṣí àpótí jìtá, gàrí ni wọ́n bá níbẹ̀.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé ni. Ní pápá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Lálúpọn, wọ́n ti to àga, wọ́n ti ta tapólì, sípíkà ńláńlá mẹ́rin sì ti ń dúró de iná. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá Hezekiah yóò gun orí pèpéle, tí yóò lu búlúùsì, orin arò àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, lójú èrò fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kàndínlógójì. Bàbá ní kí òun kọ́kọ́ dán okùn wò. Ó tẹ́ àpótí sílẹ̀, ó ṣí i. Ọ̀rá gàrí funfun kan ló nà gbalaja sórí aṣọ pupa tí jìtá máa ń sùn lé.

Bàbá kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di etí àpótí náà mú.

Ìsípẹ́kítọ̀ Àsmá'ù dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélẹ̀. Bí ó bá ń ronú, á máa rìn. Bí kò bá rí àyè rìn, á máa mi ìdì kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ títí ẹni tó wà nítòsí yóò fi bẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé nínú gbogbo àga tó wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, ti màdáàmù ni yóò pẹ́ jù.

Títíladé, ọmọ Bàbá, ló pè é. Tíṣà orin ni ní Ẹ̀gbẹ́dá, òun ló sì dá gbogbo ètò náà sílẹ̀. Òun ló tọrọ pápá. Òun ló háyà sípíkà. Òun ló lẹ póstà láti Lálúpọn dé Ṣáṣá. Ó ti pariwo nínú ọkọ̀ ìpolongo títí ohùn rẹ̀ fi há, ló bá gba ohùn náà sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ, kí ọkọ̀ lè máa gbé e kiri láìsí òun. Ọkọ̀ ọ̀hún ṣì ń yí ìlú ká. Wọ́n ń gbọ́ ọ lókèèrè bí wọ́n ṣe dúró síbẹ̀.

"Ẹ ò lè yá jìtá mìíràn?" Àsmá'ù béèrè.

"Ọlọ́wọ́ òsì ni bàbá mi. Òdìkejì ni wọ́n so okùn jìtá wọn sí. Mi ò mọ ẹlòmíràn tó ní irú ẹ̀ ní gbogbo Ìbàdàn." Títíladé rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìka wọn ti ń gan. Dókítà ní kí ọdún yìí tó parí, wọn ò ní lè tẹ okùn mọ́. Bí wọn ò bá lù ú lónìí, ó tán nìyẹn. Mi ò ní gbọ́ ọ láéláé."

Àsmá'ù wo aago. Wákàtí mẹ́fà kò pé.

Kọ́ńsítébù Mahfuz, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ti rí olè ní tiẹ̀. Ó ti gbá Múyì, ẹni tó ni sípíkà, mú ní bẹ́líìtì.

"Màdáàmù, ọ̀rọ̀ ti tán. Inú ọkọ̀ ẹ̀ ni àpótí sùn mọ́jú ní Ẹ̀gbẹ́dá."

"Ẹ gbà mí o!" Múyì ń làágùn. "Aago méje ni mo gbé e dé ibí, mà. Mo gbé e sínú kíláàsì yẹn, mo yíjú padà sí Ẹ̀gbẹ́dá lọ gbé jẹnẹrétọ̀. Aago mẹ́sàn-án àbọ̀ kọjá kí n tó padà dé. Àwa mẹ́rin la jọ lọ, ẹ bi wọ́n."

"Ṣé o ti kíláàsì náà pa?"

"Ilẹ̀kùn ẹ̀ ò ní kọ́kọ́rọ́, mà."

Àsmá'ù kúnlẹ̀ ti ọ̀rá gàrí náà. Ìyá rẹ̀ ti ta gàrí ní Ṣáṣá fún ogún ọdún. Kò sí ohun tí gàrí lè fi pamọ́ fún un. Ó tú ẹnu ọ̀rá náà. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Òógùn ti bo inú ọ̀rá. Ó yọ ọwọ́, ó ju díẹ̀ sẹ́nu.

"Mahfuz, fi í sílẹ̀."

"Màdáàmù?"

"Ki ọwọ́ bọ gàrí yìí. Kì í ṣe òkè, àárín gbùngbùn."

Mahfuz ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́."

"Gàrí tó sùn nínú ọkọ̀ mọ́jú kì í lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àárọ̀ yìí ni wọ́n yan eléyìí. Ìgbà tí Múyì wà ní Ẹ̀gbẹ́dá ni wọ́n ṣe é."

Gbogbo ojú yí sí ẹ̀yìn ọgbà ilé ẹ̀kọ́, níbi tí èéfín ti ń rú. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ gàrí Alhaji Mikail wà. Kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé Alhaji ti bá Títíladé jà lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí wọ́n ní kó pa ẹ̀rọ tó fi ń rin ẹ̀gẹ́ láti aago méjì ọ̀sán ọjọ́ ètò.

Ṣùgbọ́n Àsmá'ù kò tíì kúrò nídìí àpótí. Ó ń gbìyànjú láti dé e. Ìdè ọ̀tún wọlé. Ìdè òsì fò padà. Ó tún un tẹ̀, ó tún fò.

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n dé," ni Títíladé wí. "Ó ti bàjẹ́ kí n tó dáyé."

Bàbá Hezekiah na ọwọ́ láti ilẹ̀ tó wà. Ó fi àtàǹpàkò gbé ìdè náà sókè, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá igun àpótí lẹ́ẹ̀kan. Ó wọlé wẹ́rẹ́.

"Ta ló tún mọ ọgbọ́n yìí, Bàbá?"

"Àwọn tí a jọ ń ṣeré láyé ọjọ́un ni. Àwa mẹ́rin. Èmi, Ọmọ́ṣọlá ìyàwó mi tó ń kọrin, Fẹ́mi tó ń lu dúrọ́ọ̀mù, àti Táyọ̀ yìí tó ń lu béèsì." Ó fi orí júwe ọkùnrin arúgbó kan tó gbé omi inú ike dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ọkọ̀ dànù pẹ̀lú wa ní títì Ifẹ̀. Mo ń sùn lẹ́yìn, ilé ìwòsàn ni mo ti jí. Ọmọ́ṣọlá ti lọ. Fẹ́mi tó wa ọkọ̀, òun náà ti lọ."

Akíntáyọ̀ ni orúkọ arúgbó olómi náà; Bàbá Tíṣà ni ìlú ń pè é. Olùkọ́ fẹ̀yìntì ni, òun ló sì ń darí àwọn akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ẹ̀bá ọ̀nà. Òun ló yẹ kó ṣe alága ètò.

"Hezekiah, mu omi," ó ní. "Bóyá àmì ni. Ẹ jẹ́ ká sún un síwájú. Oṣù tó ń bọ̀ kò jìnnà."

"Oṣù tó ń bọ̀ jìnnà fún ọwọ́ mi, Táyọ̀," ni Bàbá dáhùn.

Àsmá'ù ti bọ́ síta. Ìrìn ló bá lọ. Ó rin ògiri ilé ẹ̀kọ́ lọ, ó rìn ín bọ̀, kọ́kọ́rọ́ ń dún ṣaworo lọ́wọ́ rẹ̀. Póstà ètò wà lára ògiri náà, mẹ́fà lẹ́sẹẹsẹ. Nígbà kẹta tó kọjá níwájú wọn ló ṣàkíyèsí pé gbogbo wọn kò ní ìlà ìsàlẹ̀. Wọ́n ti fi omi rin ín, wọ́n sì fi abẹ ha á kúrò, ìlà yẹn nìkan. Iṣẹ́ ẹni tó fara balẹ̀ ni. Ó bá títì lọ. Títí dé ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì, bákan náà ni. Ó kọjá ṣọ́ọ̀ṣì lọ sápá ọjà: póstà ibẹ̀ pé, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ibẹ̀ ló ti ka ìlà tí wọ́n ha kúrò.

Ó padà, ó fa Títíladé sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"‘Orin tuntun: Ẹni Tó Sá Lọ. Bàbá Hezekiah yóò dárúkọ ẹni náà ní gbangba!’ Ta ni Bàbá fẹ́ dárúkọ?"

Títíladé wolẹ̀. "Kò sí o. Orin náà wà lóòótọ́, àmọ́ èmi ni mo fi ìyẹn kún un. Bàbá ò tiẹ̀ mọ̀, wọn kì í jáde. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín. Mo pariwo búlúùsì fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, àwọn èèyàn ń bi mí bóyá oògùn ibà ni. Ọjọ́ tí mo kọ ìyẹn sí i ni gbogbo ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé aago mélòó."

"Ó dùn, àbí?"

"Ó tà, mà."

"Ó tà jù," ni Àsmá'ù wí, ó sì ti ń lọ.

Alhaji Mikail wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì ti múra ìjà sílẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lójú èèyàn pé ẹ ó wo bí jìtá yẹn yóò ṣe dún," ni Àsmá'ù bẹ̀rẹ̀.

"Mo sọ ọ́! Ẹ̀rọ mi ni mo ní lọ́kàn. Sátidé ni ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ ń wọlé látoko. Wọ́n ní kí n pa ẹ̀rọ, kí ẹ̀gẹ́ máa rà, torí pé bàbá arúgbó kan fẹ́ sunkún fún wa lórí máìkì? Mo ní kí wọ́n lu tiwọn, kí n lọ tèmi, ká wo tẹni tó máa ròkè. Ṣé olè nìyẹn?"

"Gàrí ni wọ́n fi rọ́pò jìtá, Alhaji."

"Kí n jí nǹkan tán, kí n wá fi ọjà mi jẹ́rìí sí i?"

"Ọlọgbọ́n olè lè fi ìyẹn bojú." Ó gbé ọ̀rá náà lé e lọ́wọ́.

Alhaji gbà á. Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ níta. Lójijì ló gbàgbé ọlọ́pàá, ó gbàgbé ẹ̀sùn.

"Ta ni òpònú tó di èyí?" Ó ń pariwo. "Kò tẹ́ ẹ! Kò jẹ́ kó tutù tó fi di í! Ẹ wo omi nínú ọ̀rá. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ á ti ṣù, tó bá di ọ̀túnla á ti bu. Gàrí dáadáa! Ta ló bí irú èèyàn bẹ́ẹ̀?"

Ó ń bínú nítorí gàrí ju bó ṣe bínú nítorí orúkọ rẹ̀ lọ. Àsmá'ù fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ pàápàá ti gbá a lọ́wọ́ rí, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, nítorí pé ó di gàrí ní gbígbóná. Ẹni tí iṣẹ́ gàrí bọ́ kì í ṣe é, kódà bí ó bá ń jalè. Ẹni tó ń jẹ gàrí lásán ló lè ṣe bẹ́ẹ̀.

"Mo gbà yín gbọ́, Alhaji. Ta ló ń ta gàrí látorí iná níbí?"

"Ìyá Kifayah ló ń yan án, tó sì ń tà á látorí iná. Wọ́n wà lọ́hùn-ún."

Ìyá Kifayah jókòó nídìí agbada, èéfín mú un lójú, ìyẹ̀fun funfun bò ó títí dé apá. Obìnrin bí ọmọ ọgọ́ta ọdún ni. Àsmá'ù kúnlẹ̀ kí i kó tó béèrè.

"Ìyá, ta ló ra gàrí tí ò tíì tutù lọ́wọ́ yín láàárọ̀?"

"Ẹnì kan ṣoṣo ni. Bàbá Tíṣà. Kóńgò méjì. Aago mẹ́jọ ò tíì lù dáadáa. Mo ní ẹ jẹ́ n tẹ́ ẹ kó tutù, wọ́n ní àwọn ń kánjú." Ó ro gàrí inú agbada. "Wọ́n tọrọ àpò òfìfo kan pẹ̀lú, mo fún wọn. Oníbàárà mi àtayébáyé ni wọ́n. Wọn kì í ná ọjà mi. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú ni wọ́n ti ń ṣe dáadáa sí mi bẹ́ẹ̀."

Kọ́kọ́rọ́ dákẹ́ lọ́wọ́ Àsmá'ù. "Ẹ̀gbọ́n yín wo?"

"Fẹ́mi. Tó ń lu dúrọ́ọ̀mù fún Bàbá Hezekiah. Wọ́n ní òun ló wa ọkọ̀ pa ìyàwó Bàbá." Kò gbójú sókè. "Wọ́n ní ó ti mutí. Ẹ̀gbọ́n mi kì í fẹnu kan ọtí. Ìyá mi sọ ọ́ títí ó fi kú, wọn ò gbà á gbọ́. Bí mo bá ń kọjá lọ́jà nígbà yẹn, wọ́n á ní àbúrò apànìyàn ló ń lọ."

Ọkàn Àsmá'ù gbọgbẹ́. Ó fọwọ́ kan èjìká obìnrin náà, ó dìde.

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Jìtá ló wá wá. Nǹkan mìíràn ló ń yọjú sí i yìí. Aago méjìlá ọ̀sán ti kọjá.

Ó bá Akíntáyọ̀ nínú yàrá àwọn akọrin lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń to ìwé orin tí ẹnikẹ́ni kò dà rú.

"Bàbá Tíṣà, níbo ni jìtá wà?"

"Mi ò mọ ohun tí ẹ ń sọ."

"Ẹ ra kóńgò gàrí méjì lọ́dọ̀ Ìyá Kifayah, ẹ ò jẹ́ kó tutù. Gàrí yẹn náà ló wà nínú àpótí."

"Gàrí kì í ní orúkọ lára."

"Ìdè òsì àpótí yẹn ò gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọmọ Bàbá gan-an ò mọ̀ ọ́n dé, síbẹ̀ ẹni tó kó gàrí sí i dé e pa dáadáa. Ẹ̀yin mẹ́rin lẹ mọ ọgbọ́n ẹ̀. Méjì ti kú, ọ̀kan ló ni jìtá."

Arúgbó náà tún ìwé orin kan tò.

"Ẹ sì ti ha ìlà kan kúrò lára póstà láti ilé ẹ̀kọ́ títí dé ẹnu géètì yín níbí. Ọ̀nà tí ẹ ń gbà lójoojúmọ́. Ojú yín ò gbà á."

Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ ìpolongo yọ ní kọ̀nà. Ohùn Títíladé gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń pariwo bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Ẹ wá o! Aago mẹ́rin o! Bàbá yóò dárúkọ ẹni náà ní gbangba o! Ọkọ̀ náà dúró de ẹnì kan kó sọdá, ohùn náà sì tún un wí. Ó tún un wí.

Akíntáyọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì di etí. "Ọ̀sẹ̀ méjì," ó ní. "Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mi ò tíì sùn."

Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó aṣọ akọrin sí, jìtá náà wà nínú àpò gàrí. Aṣọ akọrin tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ló fi wé e. Ó ti dẹ gbogbo okùn rẹ̀ kí ooru má baà tẹ ọrùn jìtá náà.

"Olè wo ló ń dẹ okùn jìtá?" Àsmá'ù béèrè.

"Mi ò fẹ́ bà á jẹ́. Mo kàn fẹ́ kí aago mẹ́rin kọjá ni. Mo fi gàrí sí i kó lè wúwo, kí wọ́n má ṣí i títí wọ́n á fi dórí pèpéle. Mo gbé àpò sórí ọ̀kadà. Àpò mélòó ló ń ti ẹ̀yìn ọgbà yẹn jáde láàárọ̀? Ta ló ń wo àpò?" Ó jókòó. "Èmi ni mo wa ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Fẹ́mi ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Èmi náà tòògbé. Nígbà tí mo rí ohun tí mo ṣe, mo sá wọ inú oko kòkó. Kí n tó padà, wọ́n ti gbé òkú. Wọ́n bi mí léèrè ẹni tó wà nídìí ọkọ̀, ẹnu mi ní Fẹ́mi ni. Òkú ò lè jiyàn. Ibo ni ọtí ti wá? Èmi náà ni mo fi kún un, kó lè dùn ún gbọ́."

"Ẹ wá ń ra gàrí lọ́wọ́ àbúrò ẹ̀."

"Láìná an rí," ni Akíntáyọ̀ wí, ó sì bú sẹ́kún.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ Bàbá Tíṣà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rin ogún ọdún lọ́nà méjì.

Aago méjì ku díẹ̀ nígbà tí wọ́n dé pápá. Akíntáyọ̀ kúnlẹ̀, ó sọ ọ́ fún Bàbá Hezekiah bó ṣe sọ ọ́ fún Àsmá'ù, kò yọ nǹkan kan. Títíladé di ẹnu mú. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó yíjú kúrò.

Bàbá gba jìtá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn le, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí sí i.

"Èmi ni mo ń bá wí nínú orin náà, Táyọ̀. Èmi ni mo sá lọ. Ọmọ́ṣọlá kú, mo pa jìtá tì, mo jẹ́ kí orin ẹ̀ kú lẹ́ẹ̀kejì. N ò mọ̀ pé o ní tìrẹ. Ká ní o jókòó síwájú lónìí, tí o pàtẹ́wọ́, ìwọ ìbá ti lọ sílé pẹ̀lú irọ́ rẹ láìsí ẹni tó mọ̀."

"Hezekiah, dárí jì mí."

"Má tíì bẹ̀ mí. Èmi kọ́ lo kọ́kọ́ jẹ ní gbèsè ẹ̀bẹ̀." Ó fa okùn tó kẹ́yìn. "Póstà ti ní a ó dárúkọ. Ta ni yóò dá a? Èmi ni, àbí ìwọ?"

"Ọ̀rọ̀ jìtá, ọwọ́ Bàbá ló wà," ni Àsmá'ù wí. "Ti títì Ifẹ̀, fáìlì mìíràn ni. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ ó wá kọ ọ́ sílẹ̀ ní àgọ́."

Ní aago mẹ́rin, pápá kún. Alhaji Mikail ti pa ẹ̀rọ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́, ó sì jókòó síwájú. Akíntáyọ̀ ló kọ́kọ́ gba máìkì. Èrò pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n rò pé àdúrà ló fẹ́ gbà.

"Fẹ́mi kọ́ ló wa ọkọ̀ tó pa Ọmọ́ṣọlá," ó ní. "Fẹ́mi ò mutí. Èmi ni mo wà á. Èmi Akíntáyọ̀."

Láàárín àga, obìnrin kan dìde, ìyẹ̀fun gàrí ṣì wà lápá rẹ̀.

"Ẹ tún un wí," ni Ìyá Kifayah wí.

Akíntáyọ̀ tún un wí.

"Kó ròkè. Ìyá mi kú láìgbọ́ ọ."

Ó wí i nígbà kẹta, ohùn rẹ̀ kọjá sípíkà lọ, ó kan ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, ó padà. Ìyá Kifayah jókòó, ó fi ìborùn bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Títíladé sáré lọ bá a, ó dì mọ́ ọn.

Nígbà náà ni Bàbá Hezekiah fi ọwọ́ òsì kan okùn. Ìka rẹ̀ kò gan lọ́jọ́ yẹn. Àsmá'ù wá àga kan sẹ́yìn èrò, ó kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò, ó jókòó.